Jákẹ́ẹ̀tì Ìyá Ẹgbẹ́

Ọkùnrin ni Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń fọ jẹ́sì wọn, tó ń nu bàtà wọn, tó sì ń bá wọn wá ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lẹ nọ́ńbà mọ́ jẹ́sì ló fi lẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ síbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, gbogbo àdúgbò ló sìn ín jáde. Bàbá onílé gbàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Ìyàwó Ìyá Ẹgbẹ́ ń yan kiri bí ẹni pé òun ló máa gbá góòlù wọlé.

Ní pápákọ̀ òfurufú ni alága àjọ bọ́ọ̀lù ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé ìdìbò mi ti dé tán. Àna ọ̀kan nínú àwọn tó máa dìbò ló máa jókòó síbi tiyín.”

“Ṣé ó mọ aṣọ fọ̀, sà?”

“Ta ló ní kó fọṣọ? Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn fún un, kí wọ́n lè jẹ́ kó wọ pápá.”

Ó bọ́ ọ. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kan tó lanu. Ta ló fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ tòun náà? Inú ń bí mi sí wọn títí dòní.

Òjò tó lé gbogbo èèyàn wọlé ló jẹ́ kó ráyè yọ́ padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀.

“Ẹ tètè wọlé kí wọ́n tó rí yín.”

Ìtìjú ló gba obìnrin náà lọ́kàn, kò ráyè àánú. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni ọkùnrin yìí wà, kò sì gbọdọ̀ húkọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn aládùúgbò gbé tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n tì pa, ó ń tẹ́tí. Lójijì ni wọ́n figbe ta.

“Òun rèé! Òun ló ń gbé báàgì sáré yẹn! Ẹ wo orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì!”

“Ìyàwó wa,” bàbá onílé ní, “ṣé o rí ọkọ ẹ?”

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá Ẹgbẹ́ fi etí lé fèrèsé.

“Mo rí i o!” ni obìnrin náà dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ọkọ mi ni!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ki ìrọ̀rí bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún.

Nígbà tí wọ́n túká, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé fún un.

“Ṣé a borí?” ló bi í.

“A borí.” Ó bu ìdajì oúnjẹ náà padà sínú ìkòkò. “Nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ẹ ti sanra.”