Mo Rò Pé Ooru Ààrò Ni

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni mo fura. Mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ágége, abẹ́ fáànù gan-an, òjò sì ń rọ̀ níta. Lójijì ni ooru kan gbéra láti àyà mi, ó gun ọrùn, ó dé ojú, òógùn sì rin súútánà mi gbindin. Obìnrin tó jókòó tì mí ń fi ìborùn bo apá nítorí òtútù. Mo wò ó, mo wo ara mi, ẹ̀rù bà mí.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ooru yẹn ti ń ṣe mí, àmọ́ ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ta ni kì í làágùn níwájú ààrò? Bí mo bá ráhùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní, "Ṣé yìnyín lo rò pé à ń yan ni?" A ó sì rẹ́rìn-ín. Nǹkan oṣù mi náà ti dáwọ́ dúró. Ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, ọdún márùn-ún sì ni èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ. Mo ti sọ fún un pé oyún dé. Ó ti ń pe ikùn mi ní "Bàbá mi".

A gba ọsibítù kan lọ n'Íkẹjà. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ní kò sóyún. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú, wọ́n ní ká padà wá. Ẹ wò ó, ìdúró yẹn burú ju ìrora lọ. Gbogbo aboyún tó bá gba iwájú bẹ́ǹṣì mi kọjá ni mò ń bínú sí, láìṣẹ̀ láìrò.

Dókítà tó rí wa kò ju bíńtín lọ, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe lórí ilé ẹyin obìnrin. Kò jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ilé ẹyin jẹ́ méjì, wọ́n wà lọ́tùn-ún lósì ilé ọmọ, àti pé ẹyin inú wọn la ti bí mọ́ obìnrin. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni wọ́n ń dín kù, títí nǹkan oṣù á fi dúró pátápátá. Àmọ́ ilé ẹyin àwọn kan máa ń tètè darúgbó, nígbà tí ara tó kù ṣì jẹ́ ti ọ̀dọ́. Ó ní ooru yẹn àti àìróorunsùn mi, ara ló ń wá èròjà tí ilé ẹyin ń pèsè, tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ónù.

"Ṣé mo ṣì lè bímọ?"

"Pẹ̀lú ẹyin tiyín, ó ṣòro gan-an, Mà. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"Kí ló fà á?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ìdí tí mo fi ń wádìí nìyẹn."

Àwọn wòlíì àti oníṣègùn tó ti ṣèlérí ìbejì fún mi kò lóǹkà. Dókítà tó mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ ló sọ pé òun ò mọ̀. Mo sunkún, àmọ́ mo gbà á gbọ́. Ó ní bí mo bá gbà, òun á mú díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi fún ìwádìí. Bí mi ò bá gbà, ìtọ́jú mi ò ní yí padà. Mo na apá sí i.

Ó wá bi mí pé, ọmọ ọdún mélòó ni màmá mi nígbà tí nǹkan oṣù tiwọn dúró? Inú bí mi. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Nílé wa, ọmọ kì í bi ìyá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìbéèrè yẹn fi há mi lọ́fun. Níkẹyìn, mo lọ bá màmá mi nílé wọn n'Ífákò. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n.

Wọn ò wojú mi. "Márùndínlógójì," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn tí mo bí Bísí àbúrò rẹ ni. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ló fi oògùn dì mí."

Háà! Láti kékeré wa ni wọn kì í ti í dáhùn ìkíni obìnrin yẹn, a ò sì mọ ìdí.

Mo mú wọn lọ bá dókítà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì tún gbogbo àlàyé ṣe láìkánjú, bẹ́ẹ̀ èrò kún ìta.

"Ṣé kò sẹ́ni tó dì mí?" ni màmá mi bi í.

"Kò sí o, Màmá. Ó lè jẹ́ inú ìdílé ló ti ń rìn."

Màmá mi bú sẹ́kún. "Yéè! Mo ti ka ẹ̀sùn sí aláìṣẹ̀ lẹ́sẹ̀!" Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ká gbé àwọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n sì lọ tọrọ àforíjì.

Dókítà ní kí Bísí náà wá ṣàyẹ̀wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ó sì máa ń ní òun ò tíì ráyè ọmọ. Ẹyin tirẹ̀ náà ti ń dín kù ju bó ṣe yẹ lọ. Àyè ṣì wà, àmọ́ kì í ṣe àyè fífi falẹ̀. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò dúró mọ́, wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún yẹn.

Ní tèmi, oògùn họ́mọ́ónù lé ooru lọ, oorun padà sójú mi. A fi ẹyin tó ṣẹ́kù gbìyànjú ìtọ́jú kan, kò bọ́ sí i. Èmi àti ọkọ mi sunkún títí, a sì gbà fún Ọlọ́run. Mo ti bínú sí ara mi tó. Ara yìí náà ló ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé ó ṣeun.

Ọjọ́ tí Bísí bímọ, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo jowú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ wọlé. Bísí ló na ọmọbìnrin náà sí mi. Mo gbà á, ó gbóná, ó sì ń yán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn nínú ọkàn mi, mo wá fẹnu sétí ọmọ náà, mo ní, "Tó o bá dàgbà, ohunkóhun tó o bá fẹ́ bi mí, bi mí. Mà á dá ọ lóhùn."