Bọ́ọ̀dù Dúdú Kíláàsì Kẹta

Adétúnbọ̀ káfíńtà kì í kan pósí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Ìlá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan àga, ó ń kan bẹ́ńṣì, ṣùgbọ́n tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ọ́, káfíńtà mìíràn ni wàá lọ bá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á kò gùn. Bàbá kan kú ní Ìgbájọ. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn fi ìwé rán awakọ̀ sí Adétúnbọ̀, ó kọ bí pósí náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó sínú rẹ̀. Adétúnbọ̀ mọ nọ́ńbà dáadáa. Kò sí ibi tí téèpù dé tí kò lè kà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kọ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ló kọ, Adétúnbọ̀ kò sì mọ̀wé kà. Ojú tì í láti fi ìwé náà han ẹlòmíràn. Ó kan èyí tó máa ń kàn fún gbogbo ènìyàn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Òkú náà fi ínǹṣì márùn-ún gùn ju pósí lọ. Níṣojú ẹbí ni wọ́n ti ká orúnkún rẹ̀ kí ìdérí tó lè padé. Ọmọ olóògbé kò bú Adétúnbọ̀. Ó kàn wò ó. Adétúnbọ̀ gbé ìwò yẹn lọ sílé, kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀ títí dòní.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni kó tó mọ̀wé kà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn nìyẹn. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti gbé iṣẹ́ fún un ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lójú ọ̀nà Ọ̀rà, pé kó máa tún bẹ́ńṣì, ilẹ̀kùn àti bọ́ọ̀dù ṣe. Bọ́ọ̀dù kíláàsì kẹta, òun ló kàn án. Igi àfàrà ni, ẹsẹ̀ bàtà méje ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló fi dè é mọ́ ògiri. Lóṣù kẹsàn-án ọdọọdún, kí àwọn ọmọ tó wọlé, ó máa ń kùn ún. Á gún ewé ẹ̀gẹ́. Á fọ́ òkú bátìrì, á yọ èédú inú rẹ̀, á lọ méjèèjì pọ̀ lórí ọlọ, á wá fi àkísà kùn ún sára igi náà lẹ́ẹ̀mẹta. Abẹ́ òjìji ni yóò ti gbẹ. Bí oòrùn bá pa á, á máa bó, ṣọ́ọ̀kì kò sì ní mú lára rẹ̀.

Tíṣà Zipporah ló ń kọ́ kíláàsì kẹta. Bí ó ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Á kọ ọ̀rọ̀ kan sójú bọ́ọ̀dù, èdè Yorùbá ni, nítorí ó ní ọmọ kò lè ka ohun tí kò gbọ́. Ọmọ tó bá kà á ló máa fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Kì í lo dọ́sítà. Aró bátìrì àti ṣọ́ọ̀kì á lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ọwọ́ náà á sì dúdú títí dé ilé. Àwọn ìyá kì í béèrè bí ilé-ìwé ti rí mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn yẹn, Adétúnbọ̀ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń tún ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì ṣe, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń so lẹ́tà pọ̀. Bẹ́ńṣì kan ṣoṣo náà ló tún ṣe jálẹ̀ táàmù yẹn. Tíṣà Zipporah rí i, kò sì tú u fó. Tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, á yọjú sí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Bàbá Káfíńtà, bẹ́ńṣì yẹn tún ti ń mì o." Adétúnbọ̀ á gbé òòlù, á wọlé. Ṣáájú Kérésìmesì ọdún yẹn, òun náà dìde lọ sídìí bọ́ọ̀dù, ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi ọwọ́ pa á rẹ́. Àwọn ọmọ kò fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní báyìí, Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wà ní kíláàsì kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ìwé kò sì tètè yé e. Nínú ọmọ mẹ́tàlélógójì, mẹ́tàdínlógún ló lè ka gbólóhùn odindi nígbà tó fi di oṣù Kejìlá. Bọ́sẹ̀dé kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀. Ó ti mú ọwọ́ dúdú wálé lẹ́ẹ̀mẹfà. Adétúnbọ̀ ń kà á.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni tábúlẹ́ẹ̀tì dé.

Ẹ̀ríolúwa ló kó wọn wá, ọmọ Ìlá tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ogójì tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ra gáláàsì ńlá kan bíi tẹlifíṣọ̀n, tí à ń fọwọ́ tẹ̀, wọ́n ra sólà. Wọ́n ní kíláàsì kẹta ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé, ọ̀gá ilé-ìwé, ní eruku ṣọ́ọ̀kì máa ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí Adétúnbọ̀ tú bọ́ọ̀dù kúrò, kó sì de gáláàsì náà mọ́ ihò mẹ́rin tó bá fi sílẹ̀. Adétúnbọ̀ tú u. Ó mú sípánà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ló ń bí i nínú jù nínú gbogbo rẹ̀, pé wọ́n kàn sọ ọ́ ni, òun sì ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tún pè é. Wọ́n nílò kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ti tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́, kò sì sẹ́ni tó mú pákó wá. Ọ̀gá ní kó ré bọ́ọ̀dù náà, kó fi kan kọ́bọ́ọ̀dù. Adétúnbọ̀ ní ayùn òun ti kú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun gbé e fún ẹni tó ń pọ́n ọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti yàrá irinṣẹ́ pa. Bọ́ọ̀dù fara ti ògiri nínú rẹ̀, aṣọ àpò ló fi bò ó.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bọ́sẹ̀dé kò mú ọwọ́ dúdú wálé lẹ́ẹ̀kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ń sọ. Á ka ìlà kan, àwọn ọmọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á ka òmíràn. Tí iná sólà bá tán, wọ́n á pa ọwọ́ mọ́ra, wọ́n á máa wo gáláàsì dúdú. Tíṣà Zipporah lọ bá ọ̀gá pé kó jẹ́ kí òun máa fi wákàtí kan kọ́ wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá ní ṣé ó fẹ́ kí àlejò wá bá ilé-ìwé òun lábẹ́ igi ni.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Ẹ̀ríolúwa kó àlejò wá wo bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n yan Bọ́sẹ̀dé pé kó kàwé, nítorí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ojú ìwé kan ṣoṣo, ìtàn ẹṣin kan. Adétúnbọ̀ dúró sí ojú fèrèsé, ó wà ní ẹ̀yìn ọmọ náà gan-an. Bọ́sẹ̀dé gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó sì ka ìtàn ẹṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀. Àlejò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ríolúwa na fóònù láti ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, ó ń ya òun àti ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ní fídíò.

Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Ọkọ̀, odò, àti ọkùnrin kan tó ń wakọ̀. Ẹ̀rọ ti kú láàárọ̀, nígbà tí ọ̀gá tún un tàn, ojú ìwé mìíràn ló ṣí, ọ̀gá kò sì wò ó. Kò sí ẹṣin níbẹ̀. Adétúnbọ̀ wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló kàwé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo ohun tí ọmọ náà ń kà. Tíṣà Zipporah nìkan ló sorí kọ́.

Àwọn àlejò lọ jẹun ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Adétúnbọ̀ wọ kíláàsì, ó bi Bọ́sẹ̀dé léèrè bóyá kò rí i pé ọkọ̀ ni.

Bọ́sẹ̀dé ní, "Mo rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹṣin ni wọ́n kọ́ mi."

Adétúnbọ̀ yí padà, ó jáde. Ó lọ ṣí yàrá irinṣẹ́. Bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà méje kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Ó ti ń wọ́ ọ nílẹ̀ nígbà tí Tíṣà Zipporah yọ bàtà gíga rẹ̀ sílẹ̀, tó di ìdí kejì mú. Wọ́n gbé e wọlé. Gáláàsì wà lógiri iwájú, nítorí náà ògiri ẹ̀yìn ló gbé e sí. Ó lu ihò mẹ́rin, ó fa nọ́ọ̀tì rẹ̀ yọ nínú àpò ṣòkòtò. Láti ọjọ́ tó ti yọ wọ́n ló ti ń kó wọn kiri. Tíṣà ní kí àwọn ọmọ yí bẹ́ńṣì padà. Ọmọ mẹ́tàlélógójì kọ ẹ̀yìn sí gáláàsì.

Ariwo bẹ́ńṣì ló pe ọ̀gá àti Ẹ̀ríolúwa. Ẹ̀ríolúwa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti bọ́ọ̀dù yìí, èwo ló dàgbà jù?"

"Èmi ni," ni Adétúnbọ̀ wí. "Fóònù yín dà? Ẹ wo ohun tí ẹ yà."

Ẹ̀ríolúwa wò ó. Ó tún un wò. Ohùn Bọ́sẹ̀dé ń jáde nínú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹ̀ríolúwa rí ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. Adétúnbọ̀ rò pé ó máa sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá. Ohun tó sọ kò ju pé fídíò náà ti lọ, àwọn ọ̀rẹ́ òun ní Èkó ti rí i. Ó fi fóònù sápò, ó padà sídìí oúnjẹ.

Inú bí ọ̀gá nígbà náà. Ó ní Adétúnbọ̀ dójú ti òun lójú àlejò. Ó ní òun yóò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ òbí lónìí, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Adétúnbọ̀ ń yí nọ́ọ̀tì kẹrin lọ́wọ́. Ó yí i tán kó tó yíjú sí i.

"Ẹ kọ ọ́, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Mo lè kà á."

Tíṣà Zipporah mú ṣọ́ọ̀kì. Ó yíjú sí ọ̀gá, ó ní bó bá ń kọ̀wé, kó má gbàgbé orúkọ tòun. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan sójú bọ́ọ̀dù.

Ìwé náà dé lọ́jọ́ Ajé. Ìlà mẹ́rin ni. Ẹgbẹ́ òbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Adétúnbọ̀, wọn kò sì fẹ́ ẹ mọ́. Ó kà á lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Àwọn tó lé e kò rántí sọ pé kí wọ́n tú bọ́ọ̀dù, sípánà sì wà nílé rẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé dé láti ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i kí ó tó béèrè oúnjẹ.

Adétúnbọ̀ ká ìwé náà sápò, ó di ọwọ́ náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dúdú.