Baba Elétí àti Gìtá Tó Ń Kùn

Baba Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Gìtá ló ń tún ṣe, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára torí pé bí ẹnikẹ́ni bá ta gìtá lẹ́nu ọ̀nà, á ti mọ ibi tó ń ṣe é kí onítọ̀hún tó wọlé. Yàrá kan náà la jọ ń lò: tábìlì tirẹ̀ wà lójú fèrèsé, maṣíìnì ìránṣọ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bó bá fẹ́ gbọ́ ohùn okùn, á na ọwọ́ sókè, èmi náà á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni kò na ọwọ́ mọ́. Á máa ta gìtá rẹ̀, èmi á máa ránṣọ mi lọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ń fọ́nnu fún àbúrò mi pé ọkọ mi ti wá mọ iyì iṣẹ́ mi. Ìfẹ́ ni mo pè é, mi ò mọ̀ pé etí ló ń lọ.

Obìnrin olùkọ́ orin kan ló tú àṣírí náà. Ó gbé gìtá rẹ̀ padà wá, ó ní ó ṣì ń kùn. Ọkọ mi ta á, ó ní kò kùn. Ó ti pààrọ̀ okùn, ó ti dè é le, ó wá ń di ẹ̀bi ru obìnrin náà pé ọwọ́ rẹ̀ ló wúwo. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jókòó sí ìkángun yàrá ń gbọ́ ọ ketekete, bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ta ló máa gbé gìtá fún ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀? Iṣẹ́ yìí ló sì ń ṣe láti ìgbà àpọ́n rẹ̀; mi ò mọ ohun mìíràn tó lè mú un dìde láàárọ̀.

Mo lọ dúró tì í.

"Bàbá wọn, gìtá yìí ń kùn. Etí yín ni kò gbé e mọ́."

Olùkọ́ náà ń wo ilẹ̀. Mo ti ń kábàámọ̀ ẹnu mi nígbà tí ọkọ mi gbé gìtá náà sókè, tó fi eyín di orí rẹ̀ mú. Mo rò pé inú ló bí i tó fẹ́ bu igi jẹ. Àfi bó ṣe dijú, tó ń ta okùn, tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì ló dúró. Gbígbọ̀n okùn tó ń kùn náà ti gba eyín wọ àgbọ̀n rẹ̀.

Ó gbé rúlà kékeré lé irin tó tẹ̀ lé èyí tí ìka rẹ̀ wà àti àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rúlà ń mì, torí tàárín ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni okùn ń gbá tó fi ń kùn. Ó lẹ téèpù bo igi kó má baà ha, ó fi fáìlì rẹ́ irin náà díẹ̀díẹ̀, ó fi sáńpépà dán an. Ó tún bù ú ṣán, ó ta á, ó sì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà fi gbogbo agbára ta á. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ni mo ń rín.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún un: "Etí mi ò gbọ́ kíkùn mọ́, àmọ́ eyín mi ò tíì dití."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká gbogbo àdúgbò. Mo ń retí kí àwọn oníbàárà dín kù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wá. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: kí wọ́n tó gbé gìtá fún un, wọ́n á kọ́kọ́ nu orí gìtá náà mọ́ tónítóní.