Ìròyìn Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí tíṣà ní kí n dìde sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Bí mo bá ṣì í sọ, pàṣán ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí èmi náà di tíṣà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, ní abúlé kan lọ́nà Akanran, mo pinnu pé ọmọ kankan ò ní bẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo mọ̀ nígbà náà? Irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ìròyìn ilé wọn. Ewúrẹ́ bímọ, bàbá ra kẹ̀kẹ́, wọ́n ká kòkó. Ẹni tó bá sọ ọ́ sókè, àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, èmi á sì ní, "O káre." Mo máa ń fi yangàn láàárín àwọn tíṣà.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í la ẹnu rárá. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, bí ọmọ yìí ò bá sọ̀rọ̀ kí táàmù yìí tó parí, màá ní kí bàbá rẹ̀ wá mú un lọ sóko." Mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní gúgúrú, pàbó ló já sí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, òun fúnra rẹ̀ nawọ́. Inú mi dùn. Ó dìde, ó gbóhùn sókè bí mo ṣe kọ́ wọn.

"Àbúrò mi kú lánàá. Wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé. Ìyá mi ò jẹun."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu mi ní, "O káre." Ó jókòó. Mo pe ẹni tó kàn, ìyẹn sì sọ ti adìyẹ wọn tó pamọ. Mi ò sunkún, àyà mi ò tilẹ̀ já. Gbogbo ara mi kàn kú ni. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe mí.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ kí wọn nílé. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí ẹní. Nígbà tí mi ò mọ ohun tí màá sọ, mo sọ fún wọn pé ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ní kíláàsì lónìí, ilé-ìwé ò ní lé e mọ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ló sọ, Tíṣà? Látàná, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí."



Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sọ ohun tó wù wọ́n fún tíṣà wọn, tíṣà náà á sì jókòó tì wọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa, bí a ṣe ń mú ọmọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ohun tí à á ṣe bó bá sọ ọ́ tán.