Egbò Ẹsẹ̀ Ládàánì

Àbúrò mi ni Mùkáílà, ọmọ ìyá mi. Ọdún mọ́kànlélógún ló lò ní Abidjan kó tó padà wá máa gbin iṣu ní Ọlá, ìlú wa. Ohùn rẹ̀ dùn, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ di ládàánì, tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ohun tí kò bá yé e. Mo ti ń bá a jà lórí ìyẹn láti kékeré.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ́ ṣá a lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Egbò kékeré ni. Àṣé ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀ tí kò mọ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá, egbò kò jinná. Kùdírátù, ìyàwó rẹ̀, fi omi gbígbóná wẹ egbò náà títí ó fi sú u. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ báyìí, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Àgbẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan, báwo ló ṣe fẹ́ kọ ebè?

Sàídátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ní yunifásítì kan. Aṣọ egbò ni òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń po ẹ̀rún kábọ́ọ̀nù mọ́ ọn, irú ohun tó wà nínú èédú, àmọ́ ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Wọ́n ṣì ń dán an wò lára àwọn tó bá gbà, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí pé yóò ṣiṣẹ́. Mùkáílà gbà, ó fọwọ́ sí ìwé.

Nọ́ọ̀sì tẹ́ aṣọ náà sójú egbò, ó fi báńdéèjì wé e. Sàídátù wá ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ níṣojú mi pé bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá tí a rì fún un ni ẹran tuntun yóò ṣe gun inú aṣọ yìí. Kò gbọdọ̀ ṣí i fún ọjọ́ méje, omi kò sì gbọdọ̀ kàn án. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àgbẹ̀ lèèyàn tún ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ ọ̀pá iṣu.

Lọ́jọ́ keje, nọ́ọ̀sì ṣí i. Aṣọ ti rin gbingbin, ó ti já wẹ́wẹ́, egbò ti ń rùn. Wọ́n fi òmíràn sí i, bákan náà ló rí. Kí wọ́n tó dé orí ẹ̀kẹta, ìka ẹsẹ̀ ti dúdú. Kùdírátù ló wá fẹkún jẹ́wọ́ fún mi. Láti àsùbáà títí dé iṣáì, ìgbà márùn-ún lójúmọ́, ọkọ rẹ̀ ń tú báńdéèjì, ó ń fọ ẹsẹ̀ náà fún àlùwàlá, á sì tún un wé padà.

Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí, tòun ti irùngbọ̀n funfun rẹ̀. Mo bi í pé ta ní ń fa ọ̀pá iṣu yọ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ó ní òun kò lè máa pe àwọn èèyàn wá síwájú Ọlọ́run kí òun wá gbé ẹsẹ̀ àìfọ̀ lọ. Mo ní ṣé ó béèrè lọ́wọ́ Ìmáàmù. Ó ní ládàánì wo ló ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá?

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, lọ́sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè.

Nígbà tó dé ilé, Ìmáàmù Salahudeen wá kí i. Èmi àti Sàídátù wà níbẹ̀. Mùkáílà fi ohùn kékeré béèrè bí òun yóò ṣe máa ṣe àlùwàlá ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́. Ìmáàmù ní ohun tí kò sí kò ní fífọ̀. Ó wá mi orí.

“Ládàánì, nígbà tí báńdéèjì wà níbẹ̀ pàápàá, ẹ ò bá kàn fi ọwọ́ olómi nu orí báńdéèjì náà ni. Ó tó.”

Mùkáílà yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìmáàmù yìí náà ló ti kéwú.

“Sàídátù, ṣé ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

Sàídátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Mo mọ̀, Bàbá. Ó wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo ní kí omi má kàn án. Mo ní ta ni mí tí màá fi kọ́ yín ní àlùwàlá.”

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí i láti orí ibùsùn, ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì lè dìde lọ bá a.