Bàbá Ọlọ́mọ Márùn-ún fún Ọjọ́ Mọ́kànlélógún

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ rí. Tábìlì gígùn kan ló gbé lọ fún àwọn tó fẹ́ ya fíìmù apanilẹ́rìn-ín: ọmọ márùn-ún wá ṣọdún nílé bàbá wọn, wọ́n jà bí ajá àti ológbò, wọ́n sì parí ìjà. Ibi tó ti ń kan ẹsẹ̀ tábìlì ni ẹni tó fẹ́ ṣe bàbá ti ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Olùdarí wo Káfíńtà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀. Ẹ wá jókòó síbí."

Bí eré bí àwàdà, ó di ọlọ́mọ márùn-ún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ya fíìmù ọ̀hún. Bí wọ́n bá pa kámẹ́rà pàápàá, Bàbá ni wọ́n ṣì ń pè é. Ọmọbìnrin tó ṣe àbíkẹ́yìn ló mọ́ ọn lára jù. Tí oúnjẹ bá dé, á ní, "Bàbá, ẹran yín dà? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti tún jí i, àbí?" Káfíńtà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí fíìmù jáde, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù nínú ìwé ìròyìn kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àbúrò Káfíńtà obìnrin ló ka ohun tí ọ̀kan nínú wọn kọ fún un: "Èèyàn méjìlá ló ń pa àwàdà, kò sẹ́ni tó pa wá lẹ́rìn-ín. Bàbá wọn jókòó bíi káfíńtà tó wá yẹ àga wò."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ẹni tó kọ èyí mà mú o!"

"Kò purọ́ mọ́ mi," ni Káfíńtà wí. "Ṣé wọ́n á ṣe apá kejì?"

"Apá kejì kẹ̀? Èyí tí wọ́n ṣe gan-an, ta ló wò ó?"

Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé, Káfíńtà lọ wo fíìmù náà. Gbọ̀ngàn tó gba igba èèyàn, mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí àbíkẹ́yìn sáré wọlé nínú fíìmù, tó ní, "Bàbá, mo ti dé o," Káfíńtà dáhùn sókè: "Káàbọ̀, ọmọ mi." Obìnrin tó jókòó níwájú yíjú wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Bàbá... bàbá inú fíìmù."

"Háà, Bàbá mi! Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ? Mi ò tíì jáde nílé látìgbà náà. Wọ́n ní igi gbígbẹ ni mí."

"Má dá wọn lóhùn. Igi gbígbẹ la fi ń kan nǹkan gidi. Tútù ló máa ń lọ́."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun á wá bá a ṣọdún.

Ọjọ́ ọdún pé. Káfíńtà gbálẹ̀, ó se adìẹ, ó wọ ẹ̀wù tí kò wọ̀ látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ tó bá ti rọra kọjá, á dìde. Aago mẹ́rin ti lù kí fóònù tó dún. Ọmọbìnrin náà ti ríṣẹ́ mìíràn lọ́nà jíjìn, wọn ò sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti yó," ló wí. Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a, ó sì dúró lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá wọn sì ń pariwo lé wọn lórí pé wọ́n pẹ́ jù.