Ṣíbí Òògùn Kejì

Òórùn omi ìrẹsì gbígbóná tó lú mọ́ òórùn èébì ọmọdé ni mo fi ń rántí ilé náà. Ní Peckham ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, lára àwọn ilé tí kánsù tún kọ́ síbi tí North Peckham Estate wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé lókè àtẹ̀gùn kejì. Bí mo bá ń gùn ún lọ lọ́sàn-án, ṣe ni gbogbo ibẹ̀ máa ń dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn já lu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kì í pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, wọn kì í sì í ṣí fèrèsé. O ò tíì wọlé tí òógùn á ti bò ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òògùn ni mí nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn kan ń dán òògùn wò fún àwọn ọmọdé tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá kọ lù lójijì, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá. Mo máa ń gbé ìgò lọ sílé, màá ṣàlàyé, màá sì padà lọ lọ́jọ́ kẹta láti wo iye tó kù. Òògùn gidi wà nínú ìgò kan, omi dídùn lásán wà nínú òmíràn, àwọ̀ wọn ò sì yàtọ̀. Gbogbo àwọn ọmọ náà ṣáà ń mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí kì í jẹ́ kí ara gbẹ, ṣùgbọ́n nínú àwa tí à ń gbé ìgò kiri, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo. Orúkọ ọmọ ò gbọ́dọ̀ wọ ìwé wa. Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Òfin yẹn wù mí gan-an, mo rò pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá ọmọ tí mo ń gbé ìgò lọ fún nínú ilé yẹn, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí mo bi í lórí fóònù pé ọmọ mélòó ló wà nínú ilé, ó ní, "Just one. Ọ̀kan péré," ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó máa ń lọ sí shift láti àárọ̀, ìyá tó bí i, màmá àgbà, ló ń dúró ti ọmọ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò fún màmá àgbà náà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbọ́ mi dópin.

Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ sọ pé ọmọ kan á rí òògùn, ìkejì á rí omi, ẹ ó wá máa wò wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mummy, bí a ṣe máa ń mọ òògùn tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọn ò wò mí. Àga pupa kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èyí tí ẹnì kankan ò jókòó sí nínú wọn ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo padà lọ, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, ó ń sunkún láìsí omijé. Dókítà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí kò bá mu nǹkan kó sì dúró nínú rẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbé e wá sílé ìwòsàn kí wọ́n lè fa omi sí iṣan rẹ̀. Mo wọn òògùn. Ṣíbí mẹ́wàá ló wà nínú ìgò tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ló yẹ kó ti lọ, mẹ́jọ ló lọ. Mo rò pé ìlọ́po méjì ni wọ́n ti ń fún un, mo sì ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí.

Wọ́n mú mi dé iwájú àga tó ṣófo. Ife kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ dé. Mo ṣí i, ó gbẹ, ipa ṣúgà funfun ló kù nídìí rẹ̀.

"Ti Táíwò ni," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò láyé. Ìyá wọn ò fẹ́ kí a máa sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ọmọ tí mo ti ń pè ní nọ́ńbà láti ọjọ́ yìí.

"Mi ò bọ nǹkan kan o, Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì la bí. Bí a bá fún ọ̀kan tí a ò fún ìkejì, á wá bèèrè tirẹ̀."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ọmọ tó wà láyé ń gbẹ lọ, wọ́n ń da òògùn sínú ife fún èyí tó ti kú. Mo gba ṣíbí, mo ní èmi fúnra mi ni màá fún un, ife kankan ò sì ní gba nǹkan kan mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà.

Kẹ́hìndé pa ẹnu dé. Mo rọ̀ ọ́, mo kọrin, mo gbé omi oníyọ̀ fún un, kò lanu. Kò tilẹ̀ wò mí. Àga kejì yẹn ló ń wò, ibi tí ojú ọmọ bíi tirẹ̀ ì bá wà gan-an, ojú rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo irun ara mi dìde. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn wà nínú yàrá.

Màmá àgbà rọra sọ pé, "Ó ń dúró dè é ni."

Mo wo ètè ọmọ náà tó ti là, mo wo aago. Ni mo bá bu ṣíbí kan sínú ife. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, síbẹ̀ mo ní "Bísímílà" bí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn. Mo bu èkejì, èyí tó kẹ́yìn nínú ìgò, Kẹ́hìndé sì lanu. Ó gbé e mì, ó mu omi oníyọ̀ lé e tó ààbọ̀ ife, kò sì bì í. Nígbà tó yá ó sùn, omijé sì ti wà lójú rẹ̀.

Mo lọ fọwọ́ kí n tó máa lọ. Nígbà tí mo dé, mo ṣí àwo kúrò lórí ife yẹn. Ó ti gbẹ. Mo mọ̀ pé ooru ilé yẹn pọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé màmá àgbà ló dà á nù. Mi ò bèèrè.

Àyè kan wà nínú ìwé mi fún òògùn tí ó bá dín. "Ó dà sílẹ̀," ni mo kọ síbẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi náà ti wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn fún mi ní ìgò mìíràn, mo gbé e lọ, mo sì mọ̀ pé ṣíbí méjì-méjì ni yóò máa jáde nínú rẹ̀. Ara Kẹ́hìndé yá, wọn ò sì gbé e lọ síbì kan.

Nígbà tí iṣẹ́ náà parí tí wọ́n wá tú àṣírí àwọn ìgò, omi dídùn lásán ló wà nínú tiwọn. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sọ fún màmá àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Omi ni? Kò burú. Wọ́n ṣáà jọ mu ún."

Apòògùn ni mí báyìí, ìdí káńtà ni mò ń dúró sí, lápá Elephant, tí kò jìnnà sí Peckham. Bí wọ́n bá wá gba òògùn ọmọdé, orúkọ ni mo ń kọ́kọ́ bèèrè. Bó bá jẹ́ Táíwò tàbí Kẹ́hìndé, mo máa ń bèèrè ìkejì, mo sì máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjì yẹn ló kọ́ mi. Nínú ìwé tí a kó jọ nígbà náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì ń jẹ́ títí di òní.